Ìpara Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọdún Wólímọ̀

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, obìnrin kan wá jókòó tì mí ní mọ́sáláṣí. Bó ti ń tún ìborùn rẹ̀ ṣe ni òórùn báàmù jáde lára rẹ̀, ó sì gba imú mi lọ tààrà. Kì í ṣe lọ́fínńdà, kì í ṣe tùràrí. Báàmù ni, irú èyí tó máa ń kọ́kọ́ tutù lójú ara kó tó wá gbóná lábẹ́ awọ, tí yóò sì mú omi lé èèyàn lójú bí ẹni tó ń gé àlùbọ́sà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé eékún ló ń dùn ún, tàbí ẹ̀yìn. N kò béèrè. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìmáàmù ń wàásù, àwọn èèyàn ń ṣe àmín, àmọ́ èmi ti kúrò níbẹ̀. Mo ti padà sí Kemta ní Abẹ́òkúta, mo ti di ọmọbìnrin tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún ń dán fún ìpara, tí kò sì lè lanu tó láti gé àkàrà jẹ.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ti rí fún yín.

Ẹ̀gbẹ́ àpáta ńlá kan ni ilé wa wà, bí ọ̀pọ̀ ilé ṣe wà ní Abẹ́òkúta. Ẹni tó mọ ògiri ẹ̀yìnkùlé wa kò mọ ọ́n parí, àpáta ló bá a parí ìyókù. Abẹ́ àpáta yìí ni ìkòkò aró ìyá mi tò sí, ẹnu gbogbo wọn dúdú, òórùn wọn sì le débi pé àlejò yóò kọ́kọ́ fọwọ́ bo imú kó tó kí wa. Àwa kì í gbọ́ òórùn náà rárá. Orí àpáta náà la máa ń sá aṣọ sí, tí èyí tó ti gbẹ àti èyí tó ṣì tutù á tẹ́ lọ bẹẹrẹ, tí àjèjì tó bá dúró lókè àdúgbò á rò pé omi ló wà níbẹ̀. Bàbá mi ní ìsọ̀ ní Láfẹ́nwá, ó máa ń ta lára aṣọ náà fún àwọn èrò ọkọ̀. Ìyókù, ìyá mi á gbé e lọ sí ọjà Ìtòkú. Ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Àgbà, ti fi iṣẹ́ aró sílẹ̀ nígbà náà, àmọ́ orí àpótí tó wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ló máa ń jókòó sí láti àárọ̀, tí á máa fojú yẹ ìkòkò wò bí ọ̀gá tí wọn kò tíì fún ní ìfẹ̀yìntì.

Iṣẹ́ tiwa, àwa ọmọbìnrin ilé, ni síso. Bí a bá ti ilé-ìwé dé, tí a jẹun, tí a sì kírun, a ó fa aṣọ funfun sórí itan, a ó ṣa ojú rẹ̀ jọ díẹ̀díẹ̀, a ó sì fi ìko, okùn tí a là lára ewé ògùrọ̀, dì í kí aró má bàa ráyè wọbẹ̀. Ibi tí ìko bá dì ni yóò funfun nígbà tí a bá tú u, tí yóò dà bí òṣùpá àti ìràwọ̀ lójú aṣọ. Ọwọ́ méjì kò tó iṣẹ́ yìí í ṣe. Ọwọ́ kan á di aṣọ mú, èkejì á máa yí ìko, eyín ni a ó sì fi gbá ìdí ìko mú, tí a ó fi orí fà á sẹ́yìn kó lè le dan-in. Bí ìyá mi ṣe ń ṣe é nìyẹn, bí ìyá tó bí i ṣe ṣe é nìyẹn. Eyín ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni èmi ń lò.

Ọ̀rẹ́ mi Múínátù, tí ilé wọn kangun sí tiwa, máa ń wá so aṣọ pẹ̀lú wa nítorí pé ilé tiwọn dákẹ́ jù fún un. Ó fi díẹ̀ jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Múínátù lè sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìko lẹ́nu, ó sì lè rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀, àmọ́ bó bá ti rẹ́rìn-ín báyìí, ìko á dẹ̀, ìràwọ̀ á wọ́. Ìyá mi á tú aṣọ náà lọ́jọ́ tí aró bá jinná, á gbé e sókè, á ní, "Ìràwọ̀ Múínátù tún ti mu ẹmu." Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé àwọn oníbàárà Ìtòkú fẹ́ràn ìràwọ̀ tó wọ́ yẹn ju èyí tó gún lọ.

Ìgbà tí ọyẹ́ ń mú ni nǹkan náà bẹ̀rẹ̀. A ń jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà, èmi àti Múínátù, ni nǹkan kan bá dún "kọ́" lábẹ́ etí mi.

Múínátù dá ọwọ́ dúró. "Kí ló dún yẹn?"

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ni."

"Tún un ṣe kí n gbọ́."

Mo tún un ṣe. Ó dún. Inú Múínátù dùn débi pé ó lọ pe àwọn ọmọ ilé wọn wá, wọ́n tò yí mi ká, wọ́n ní kí n máa yán. Ara mi yá gágá, mo yán títí omi fi jáde lójú mi. N kò mọ̀ pé ohun tí mò ń fi dá wọn lára yá ń bọ̀ wá dá mi jókòó.

Kò pẹ́ tí ìró náà fi di ìrora. Iwájú etí ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, á gun ẹ̀bátí, á sì sọ̀kalẹ̀ wá sí àgbọ̀n. Bí mo bá so aṣọ di ìrọ̀lẹ́, orí á máa fọ́ mi. Mo dákẹ́, torí pé ní ilé wa, ẹni tí orí ń fọ́ lásìkò iṣẹ́ a máa ní láti ṣàlàyé púpọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo jí, mo kírun, mo mú orín láti fi fọ eyín, orín kò wọlé. Mo tún un tì, kò wọlé. Ẹnu mi kò là ju ibi tí ìka kan lè gbà lọ, bí mo bá sì fẹ́ fipá là á, ńṣe ló ń dà bí ẹni pé wọ́n ti ọ̀bẹ bọ abẹ́ etí mi.

Ìyá mi ò béèrè ọ̀rọ̀ kan kó tó gbé ẹsẹ̀ mi méjèèjì sókè, tó ń wá ojú egbò. "Ṣé o gun ìṣó mọ́lẹ̀? Ṣé nǹkan gún ọ lóko?" Àìsàn tẹtánọ́ọ̀sì, tí ń di èèyàn lẹ́nu pa, ti mú ọmọ kan lọ ládùúgbò wa kò tíì pẹ́ nígbà náà, kò sì sí ìyá tó gbàgbé. Màmá Àgbà ló dìde lórí àpótí rẹ̀, tó wá di orí mi mú, tó rọra tẹ̀ ẹ́ síwájú, tó tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn.

"Ọrùn rẹ̀ rọ̀," ó wí. "Ara rẹ̀ ò gbóná, ẹ̀yìn rẹ̀ ò le. Èyí ò jọ ìyẹn. Ó lè jẹ́ eyín. Ẹ gbé omi kaná."

Omi gbóná, wọ́n fi iyọ̀ sí i, Màmá Àgbà ki aṣọ bọ inú rẹ̀, ó fún un, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ ara rẹ̀ dán an wò, ó sì gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Lẹ́yìn rẹ̀ ó fi òrí pa á. Ara tù mí gan-an, ẹnu mi tún là díẹ̀ sí i. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ì bá dára. Ṣùgbọ́n Ìyá Sílí, ará ilé kejì, gbọ́, ó sì gbé oògùn tirẹ̀ wá: báàmù tó ti po ata ilẹ̀ àti ataare mọ́. Ó ní òun fi í pa ẹ̀yìn ọkọ òun, ọkọ òun dìde lọ sóko lọ́jọ́ náà. Mo gbà á gbọ́. Bí wọ́n ti fi í kàn mí lẹ́rẹ̀kẹ́ lèmi náà dìde, tí mo sáré yí ìkòkò aró ká títí wọ́n fi rí mi mú. Nígbà tó di ọ̀sán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti wú, ojú mi ọ̀tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí. Ìyá mi wò mí, ó ní, "Ó tó. Ọsibítù yá."

Ohun mìíràn wà tó ń lé e léré. Wólímọ̀ wa kù díẹ̀. Èmi àti Múínátù la jọ wọ ilé kéú, wàláà kan náà la jọ fi kọ́ álífì, a sì jọ parí. Lọ́jọ́ wólímọ̀, olúkúlùkù ni yóò dá jókòó síwájú àwọn àlùfáà àti òbí, tí yóò ka ìpín tirẹ̀ sókè ketekete. Bí ìyẹn bá ti parí, wọn yóò mú Múínátù lọ sílé ọkọ ní Ewékorò, níbi tí ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì. Àlùfáà wa sọ ọ́ pẹ̀lẹ́tù fún ìyá mi pé bí ẹnu ọmọ yìí ò bá là, kó fara balẹ̀ dúró de àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọn ò burú, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n Múínátù ò ní sí láàárín wọn.

Obìnrin ni dókítà eyín tí a bá, kò tíì dàgbà púpọ̀, Ìjẹ̀bú sì ń dún lẹ́nu rẹ̀. Ìyá mi ti wọ ìró tó dára jù lọ, bí ẹni pé ọsibítù náà ni wọ́n fẹ́ wá fẹ́ mi.

"Jẹ́ kí n rí i," dókítà wí. "Ibi tó bá lè là dé ni kó là dé, má fipá ṣe é."

Ó fi irin kékeré kan kan eyín mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Eyín ò ṣe nǹkan kan." Lẹ́yìn náà ló fi ìka lé iwájú etí mi méjèèjì. "Là á. Pa á dé. Tún là á." Ó dún lábẹ́ ìka rẹ̀. Ó mi orí, ó mú ọwọ́ ìyá mi, ó fi í síbi kan náà kí òun náà lè gbọ́ ọ.

"Ibí yìí ni egungun àgbọ̀n ti so mọ́ orí, ìyá. Oríkèé ni, bíi ti eékún. Òun ló ń bínú, iṣan tó yí i ká náà sì ti le. Kí lọmọ yìí ń fi ẹnu ṣe?"

"Kéú ló ń kà," ìyá mi dáhùn. "Ó fẹ́ ṣe wólímọ̀."

"Kéú kọ́ ló ṣe èyí."

N kò lè ṣàlàyé púpọ̀ pẹ̀lú ẹnu tó fún, ni mo bá ṣe é fún un. Mo di aṣọ tí kò sí níbẹ̀ mú, mo yí ìko, mo gé e mọ́ eyín, mo fi orí fà á. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí mo gbójú sókè, ìyá mi ni mo rí. Ó ti yí ojú sí fèrèsé.

Dókítà kò bá a wí. Ó fún wa ní ìpara kan tó ń rùn bíi báàmù, ó sì rọra ṣàlàyé bí a ó ṣe lò ó. Díẹ̀ ni kí a máa mú, bí ẹyọ ẹ̀wà kan, kí a fọwọ́ pa á lọ́wọ́ ẹ̀rọ̀ síwájú etí àti sísàlẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kó má kan ojú, kó má wọ ẹnu, kí a sì má fi sí ibi tí awọ bá ti bó. Kí n máa jẹ ohun rírọ̀. Bí mo bá fẹ́ yán, kí n fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n dúró. Kí n má sì fi eyín kan ìko mọ́.

"Ìpara yìí ò ní tún oríkèé ṣe o," ó wí. "Ó kàn ń bá wa rọ ìrora lójú, kí iṣan lè gbà láti sinmi. Ìsinmi yẹn gan-an ni oògùn."

Ìyá mi wá fi ohùn kékeré béèrè bóyá aṣọ gbígbóná àti òrí Màmá Àgbà ló ba nǹkan jẹ́.

"Rárá o. Aṣọ yẹn dára, ẹ máa bá a lọ. Ata ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ dá padà sínú ọbẹ̀."

"Ṣé á lè kàwé lọ́jọ́ wólímọ̀?"

"N ò lè búra, ìyá. Bó bá sinmi, mo nírètí."

Báyìí ni àsìkò tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú ìgbà èwe mi ṣe bẹ̀rẹ̀, láti inú ìrora. Ìyá mi kì í ṣe ẹni tí ń kẹ́ ọmọ lójú èèyàn. Iṣẹ́ ló fi ń fẹ́ràn wa: á rán aṣọ wa, á bu ẹran tó tóbi sí wa láwo, á sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ lẹ́yìn ìrun Sùbúhì, àti nírọ̀lẹ́, á jókòó lórí ẹní, á gbé orí mi lé itan, á fi aṣọ gbígbóná tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, á sì máa fi ìka tí aró ti wọ̀ dé abẹ́ èékánná pa ìpara yẹn yípo, yípo. Òórùn báàmù á bo òórùn aró mọ́lẹ̀. Ẹnu rẹ̀ á sì là. Ó sọ ìtàn ọdún tí òun kọ́kọ́ dé ilé yìí fún mi, bí ìkòkò àkọ́kọ́ tí òun dá aró sí ṣe kọ̀ láti jinná, tí òun fi sunkún sẹ́yìn àpáta kí Màmá Àgbà má bàa rí òun. N kò mọ̀ pé ìyá mi sunkún rí.

Ní àárọ̀ kan, ó ń pa á lọ́wọ́ ló sọ pé, "Tèmi náà ń dún."

Mo rò pé n kò gbọ́ dáadáa. "Kí ló ń dún?"

"Oríkèé yìí. Kí n tó bí ọ ló ti ń dún. Ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan ni mo fi ń jẹ ẹran."

"Ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Ta ni n bá sọ fún? Ọwọ́ àgbẹ̀ a máa le, ẹ̀rẹ̀kẹ́ aláró a máa dún. Mo rò pé bí iṣẹ́ ṣe rí nìyẹn."

Mo dìde jókòó. Mo ní kí ó fi orí tirẹ̀ sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní òun ní iṣẹ́ ṣe, àmọ́ ó fi orí sílẹ̀. Bí mo ti fọwọ́ kan iwájú etí rẹ̀ ni mo gbọ́ ọ lábẹ́ ìka mi, ìró kan náà pẹ̀lú tèmi, àfi pé tirẹ̀ ti gbó. Mo rọra pa á. Ó di ojú. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ohùn kan wá láti orí àpótí ẹnu ọ̀nà pé, "Bó bá ṣẹ́kù, ẹ fi kan tèmi náà."

"Màmá, ẹ̀yin tẹ́ ò ní eyín mọ́?" ìyá mi wí.

"Eyín ló lọ. Oríkèé ò bá a lọ."

Láti ọjọ́ náà, àwa mẹ́ta la jọ ń gba ìpara. Bàbá mi á ti Láfẹ́nwá dé, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á béèrè bóyá kẹ́míìsì ni òun ya tàbí ilé.

Múínátù náà kò fi mí sílẹ̀. Ó máa ń gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wá fún mi, á sì ní kí a jọ kà. "Má lanu púpọ̀," á wí. "Jẹ́ kí ahọ́n ṣe é." Kí n má bàa nìkan dà bí ẹni tó ń ráhùn, òun náà á fún ẹnu pọ̀, a ó sì jọ máa ka súrà bí ẹni tó fi omi sẹ́nu. Àlùfáà gbọ́ wa lọ́jọ́ kan, ó béèrè bóyá a ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé a ò ní fi eyín han ẹnikẹ́ni mọ́. Nígbà tí Múínátù ṣàlàyé, ó ní, "Kò sí ibi tí wọ́n ti ní kí a pariwo rẹ̀. Ẹ máa kà á bẹ́ẹ̀."

Ọjọ́ wólímọ̀ pé. Wọ́n ta àtíbàbà síwájú ilé kéú, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń han gooro. Múínátù kọ́kọ́ kà, ohùn rẹ̀ sì dé ìsàlẹ̀ àdúgbò. Ó kàn mí. Àárọ̀ yẹn, ìyá mi ti fi aṣọ gbígbóná tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi pẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó sì ti pa ìpara náà kó tó fi ìborùn funfun bo orí mi. Mo sọ Bísímílláhì. Ohùn mi kéré, ṣùgbọ́n ó mọ́, ẹnu mi sì ń là. Mo kà á dé ìdajì kí oríkèé mi tó dún "kọ́", tí ẹ̀rọ sì gbé e jáde fún gbogbo Kemta. Mo dúró. Múínátù, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, na ọwọ́ lábẹ́ ìborùn, ó di ọwọ́ mi mú. Àlùfáà kò gbójú sókè. Ó kàn fi ìka lé ibi tí mo dé nínú ìwé, ó ń dúró dè mí bí ẹni tó ní àkókò títí di alẹ́. Mo tún ìborùn mi ṣe, mo bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ náà padà, mo sì kà á parí.

N kò rí ojú ìyá mi nígbà yẹn, torí pé ó ti fi etí ìborùn bò ó. Màmá Àgbà ló ń sọ fún ẹni tó wà níwájú àti ẹni tó wà lẹ́yìn pé ọmọ òun nìyẹn.

Múínátù lọ sí Ewékorò bí wọ́n ti wí. Mo lọ kí i níbẹ̀ ní ìgbà díẹ̀, a jókòó sẹ́yìn ilé, eruku ọkọ̀ tó ń kó sìmẹ́ńtì bo ewé gbogbo, a sì rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ gbé ọkọ rẹ̀ lọ sí òkè ọya. Kò sí fóònù ọwọ́ nígbà náà, ìròyìn rẹ̀ sì dín kù títí n kò fi gbọ́ ọ mọ́. Mo máa ń ṣe àdúà fún un níbikíbi tó bá wà.

Ìyá mi ra àlùmọ́gàjí lẹ́yìn wólímọ̀, ó fi okùn so ó kọ́rùn. Ó kọ́ wa bí a ó ṣe fi àtàǹpàkò òsì tẹ ìdí ìko mọ́ aṣọ, tí a ó fi ọ̀tún fà á, tí a ó sì gé e. Àwọn aláró tó kù fi í ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n ní òyìnbó ti dé ìdí aró, wọ́n bi í bóyá ó ń lọ di télọ̀. Iṣẹ́ wa sì lọ́ra lóòótọ́ ní oṣù bíi mélòó kan. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn wá bá a ní kọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan, ó fọwọ́ kan iwájú etí ara rẹ̀, ó ní, "Tèmi náà ń dún." Ìyá mi ní kó jókòó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òmíràn wá. Ẹ̀yìnkùlé wa wá di ibi tí àwọn obìnrin ti ń sọ ohun tó ń dùn wọ́n lórúkọ, èyí tí wọ́n ti gbé kiri láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní ọmọge.

Nǹkan ti yí padà púpọ̀. Aró inú ike ni ọ̀pọ̀ ń lò báyìí, okùn ọ̀rá ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìko, ìkòkò wa sì ti fọ́ tán. Ọmọ tí nǹkan bá ń dùn lónìí á sọ ọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, inú mi sì dùn sí ìyẹn ju ohun tí mo lè sọ lọ. Àmọ́ aró ṣì ń wọ abẹ́ èékánná, aṣọ ṣì ń tẹ́ lórí àpáta. Bí mo bá lọ sí Ìtòkú, mo máa ń dúró wo àwọn ọmọbìnrin tó ń so aṣọ. Ìka ni wọ́n fi ń dì í, àlùmọ́gàjí wà lọ́rùn wọn, ẹnu wọn sì wà lófìfo fún ọ̀rọ̀ àti ẹ̀rín. Mo bi ọ̀kan nínú wọn lẹ́ẹ̀kan pé ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ẹni tó béèrè pé ta ló kọ́ ọ ní rírìn.

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, mà," ó wí. "Ṣé ọ̀nà mìíràn wà ni?"

Mo ní rárá, kò sí. Mo ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì bá tèmi lọ.